Dísìkì àti páàdì tuntun fún Hilux tó ń kó ẹrù sọ̀kalẹ̀ òkè

Ẹni tó bá ti gbé Hilux tó kún fún iṣu gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Alààyè wá sí Iléṣà rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá ti kúrò ní Ẹ̀fọ̀n, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ sí ọ̀nà Ẹ̀rìn-Òkè, á máa yí kọ́lọkọ̀lọ, tírélà á wà níwájú, òmíràn á wà lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ò sì ní lè kúrò lórí bíréèkì. Lára àwọn ọkọ̀ tó ń ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, òórùn wọn ló máa ń kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kí àwọn fúnra wọn tó wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi fi èyí tó le jù sí i." Bí oníbàárà ṣe sábà máa ń sọ nìyẹn. Màmá kan tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tilẹ̀ gbé fọ́tò wá lórí fóònù, dísìkì aláràbarà tí wọ́n lu ihò sí káàkiri. "Èyí ni mo fẹ́, ọmọ mi." Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ra ihò." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó kí n ṣàlàyé. Àlàyé yẹn ni mò ń kọ síbí, fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, àti fún ẹni tó kàn fẹ́ dúró ti mẹkáníìkì rẹ̀ kí ó má baà fo nǹkan kan. Hilux tí a ń pè ní Vigo ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ, ti 2005 sí 2015, 4x4, torí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù oko ládùúgbò wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bá jà. Dísìkì ni irin pẹlẹbẹ tó ń bá wíìlì yí, páàdì ló ń fún un mọ́ra nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Gbogbo eré tí ọkọ̀ ń sá, bíréèkì ló ń sọ ọ́ di ooru nígbà tí ẹ bá fẹ́ dúró. Hilux tó wúwo tó 2,800 kg pẹ̀lú ẹrù, tó ń sáré 80 km/h, tí ẹ wá tẹ bíréèkì títí ó fi dúró: ooru tó jáde nínú ẹ̀ẹ̀kan péré yẹn tó láti se omi tútù lítà méjì kó hó. Ká ní 40 ló ń sá ni, ìdá kan nínú mẹ́rin ooru yẹn ni ì bá jáde, ìyẹn ni pé eré tó di ìlọ́po méjì ń sọ ooru di ìlọ́po mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, iwájú ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lórí òkè, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tó tutù, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́.

Bí ooru bá kọjá agbára wọn, ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀, wọn ò sì jọra. Èkíní, àtè tó di páàdì pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á máa tú gáàsì sáàárín páàdì àti dísìkì. Pẹ́dà á le lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ọkọ̀ ò ní dáhùn. Èkejì, ọ́ìlì bíréèkì á hó. Ọ́ìlì tó hó ti di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì ṣeé fún pọ̀, nítorí náà pẹ́dà á rọ̀, á sì lọ tààrà dé ilẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí dírẹ́bà bá ní bíréèkì "já", ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé: ṣé ó le ni àbí ó rọ̀? Ìdáhùn yẹn ló ń sọ bóyá páàdì ni ká pààrọ̀ tàbí ọ́ìlì. Lọ́pọ̀ ìgbà, méjèèjì ni.

Kí ẹ tó náwó síwájú, ẹ kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo ẹ̀yìn. Lórí ọ̀pọ̀ Hilux, fáàfù kan wà lókè ásùlù ẹ̀yìn tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so mọ́ ásùlù náà. Bí ẹrù bá pọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ á rẹlẹ̀, irin yẹn á yí, fáàfù á sì jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn gba agbára púpọ̀ sí i. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, ẹ̀yìn á ga, á dín in kù kí táyà ẹ̀yìn má baà yọ̀. Kí ni àwa wá ń ṣe? A ń fi síbíríńgì méjì mẹ́ta kún ti ẹ̀yìn kí ọkọ̀ lè gbé iṣu púpọ̀ láì tẹ̀. Ẹrù kún bámúbámú, ẹ̀yìn ò rẹlẹ̀, fáàfù rò pé ọkọ̀ ṣófo ni. Iwájú nìkan ló wá ń dá òkè Ẹ̀fọ̀n sọ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀ páàdì iwájú rẹ̀ léraléra, tí ṣúù ẹ̀yìn rẹ̀ (ohun tó ń ṣe iṣẹ́ páàdì nínú dúróòmù ẹ̀yìn) sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ rárá. Bí ẹ bá ti fi síbíríńgì kún un, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún irin yẹn tò sí bí ọkọ̀ ṣe ga báyìí. Ẹ sì tú dúróòmù ẹ̀yìn wò: bí ọ́ìlì gíà bá ti gba sílì ásùlù jò sórí ṣúù, kò sí dísìkì iwájú tó lè bá yín san gbèsè yẹn.

Ó wá kan ọjà. Dísìkì iwájú Hilux ní ojú méjì, afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá, èyí sì dára púpọ̀. Ẹ má gba ẹnikẹ́ni láàyè kó ta èyí tí àárín rẹ̀ dí fún yín. Oríṣi mẹ́ta lẹ ó rí: èyí tí ojú rẹ̀ dán lásán, èyí tí wọ́n la ojú ìlà sí, àti èyí tí wọ́n lu ihò sí. Olóhun-ìlà ni mo máa ń yàn fún ọkọ̀ òkè, torí ìlà yẹn ń gbá gáàsì àti eruku àti ẹrẹ̀ kúrò lójú páàdì. Bí owó ò bá tó, èyí tó dán tó jẹ́ ojúlówó sàn ju olóhun-ìlà ayédèrú lọ, ó sàn jù ú lọ fíìfíì. Oníhò ni mi ò fẹ́ fún ọkọ̀ ẹrù: ó dára lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ihò ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ooru bá pọ̀.

Bí ẹ bá wà ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate n'Íbàdàn, ẹ má wo páálí. Ẹ gbé dísìkì náà dání. Ojúlówó wúwo, àwọn irin tó wà láàárín ojú méjèèjì á sì dọ́gba yí po. Ẹ wá MIN TH tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ìwọ̀n tí dísìkì náà ò gbọdọ̀ tín-ín-rín jù. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí káńtà. Nọ́ńbà yìí náà ló máa sọ bóyá dísìkì àtijọ́ yín ṣì ṣeé gbé lọ fún tọ́nà kó gé ojú rẹ̀: bí gígé bá máa mú un kéré ju nọ́ńbà yẹn lọ, ẹ tà á fún àwọn onírin.

Páàdì ní tirẹ̀ ní lẹ́tà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí ọ̀wọ́ nọ́ńbà àti lẹ́tà tó parí sí méjì bíi EE, FF, FG tàbí GG. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń di dísìkì mú nígbà tí ara rẹ̀ ò tíì gbóná púpọ̀, èkejì ń sọ bó ṣe ń ṣe nígbà tó bá gbóná janjan. F lágbára ju E lọ, G lágbára ju F lọ. Fún òkè, lẹ́tà kejì ni kí ẹ máa wò. FF ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí lẹ́tà kejì rẹ̀ bá kéré ju àkọ́kọ́ lọ, mi ò ní fi í sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n tún máa bi yín bóyá séràmíìkì lẹ fẹ́ tàbí èyí tó ní irin nínú. Séràmíìkì kì í pariwo, kì í sì í fi eruku dúdú kun wíìlì, ó dára fún ẹni tó ń gbé ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Fún ẹrù, èyí tó ní irin nínú ni kí ẹ rà, kódà bó bá ń dún díẹ̀ láàárọ̀.

Ọ́ìlì bíréèkì: DOT 4, inú agolo tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Bó bá ṣì tuntun, kì í hó títí á fi dé 230°C ó kéré tán, nígbà tí ti DOT 3 jẹ́ 205. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yìí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bó bá sì ti fa omi, ìwọ̀n tí wọ́n ń retí láti ọwọ́ DOT 4 já sí 155, ti DOT 3 sì já sí 140. Ìdí nìyẹn tí agolo tó ti ṣí sílẹ̀ lórí pẹpẹ láti ọdún tó kọjá ò fi wúlò mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ti sìtíárìn sí i "kó lè gbé yín délé". Rọ́bà inú rẹ̀ á wú, gbogbo ohun tó wà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ ó sì pààrọ̀.

Iṣẹ́ ti yá. Ilẹ̀ tó tẹ́ ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí, ẹ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì wíìlì díẹ̀ pẹ̀lú sípánà 21 kí ẹ tó fi jáàkì gbé e. Jáàkì wà fún gbígbé ni, kò wà fún dídúró lé. Ẹ fi stand irin sábẹ́ ṣaṣí, tàbí gẹdú tó nípọn. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé ò ṣeé fi sábẹ́ ọkọ̀. Kì í kìlọ̀ kó tó fọ́.

Bí wíìlì bá ti kúrò, eruku dúdú lẹ ó rí. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì yín kọ̀mpírẹ́sọ̀ sí i. A ò lè fojú mọ páàdì tí wọ́n fi asbestos, òkúta oníhóró wẹ́wẹ́ tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ṣe, ẹ̀dọ̀fóró yín ò sì ní bi yín kó tó gbà á. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.

Kálípà ni irin tó gbé páàdì dání lórí dísìkì, písítìn inú rẹ̀ ni ọ́ìlì ń tì kó lè tẹ páàdì. Ti iwájú Vigo 4x4 ní písítìn mẹ́rin, méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í sì í rìn. Ẹ yọ kílíìpù kékeré tó di píìnì méjèèjì mú, ẹ fa píìnì jáde, síbíríńgì pẹlẹbẹ á tẹ̀ lé e, páàdì á wá jáde láti ẹ̀yìn kálípà láìtú nǹkan mìíràn. Ẹ tò ó sílẹ̀ bí ẹ ṣe yọ ọ́, kí ẹ sì wò wọ́n dáadáa. Bí ti inú bá ti jẹ ju ti òde lọ, tàbí tí orí kan páàdì tín-ín-rín ju orí kejì, písítìn kan ti há. Ẹ tún un ṣe báyìí, torí páàdì tuntun á jẹ bákan náà. Fún Hilux tí kálípà rẹ̀ ń rìn lórí píìnì, gíríìsì silikónì ni ẹ ó fi ra píìnì yẹn. Gíríìsì bẹ́árìn ń mú rọ́bà rẹ̀ wú.

Ẹ fi sírínjì fa ọ́ìlì díẹ̀ kúrò nínú agolo òkè, ìyẹn èyí tó gba ọ́ìlì bíréèkì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó má baà kún dà sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ti písítìn padà. Páàdì àtijọ́ ni kí ẹ fi tì í, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo àwọn yòókù, torí bí ọ̀kan ṣe ń wọlé ni òmíràn ń fẹ́ jáde. Ọ́ìlì tó bá kan ọ̀dà ọkọ̀, ẹ da omi sí i kíá, ó ń bó ọ̀dà.

Bóòtù méjì ló di kálípà mú lẹ́yìn, sípánà 17. Bí ẹ bá ti tú u, ẹ fi wáyà so kálípà rọ̀ sókè. Ẹ má jẹ́ kó fi rọ́bà họ́ọ̀sì rọ̀. Rọ́bà yẹn lè ya nínú tí ẹ ò ní rí i lóde. Dísìkì tó ti pẹ́ á lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, irin tí dísìkì àti wíìlì ń jókòó lé, àwọn ọmọ iṣẹ́ á sì ti ń nawọ́ sí òòlù. Ẹ dá wọn dúró. Ihò kékeré méjì wà lójú dísìkì tí wọ́n ti gé ojú bóòtù sí nínú. Ẹ fi bóòtù 8 mm sí méjèèjì, ẹ máa mú wọn le lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ níhìn-ín díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ ó gbọ́ "pó!", á sì já.

Ibi tí àwọn mẹkáníìkì púpọ̀ ti ń sáré kọjá la dé yìí, níbẹ̀ ni mo sì máa ń dúró sí jù lọ. Ẹ wo ojú họ́ọ̀bù tí dísìkì ń jókòó lé. Ẹ ó rí ìpata pupa tó ti lẹ̀ bí èépá yí àwọn sítọ́ọ̀dù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà (àwọn bóòtù tí nọ́ọ̀tì wíìlì ń wọ̀) ká, òmíràn nípọn bí bébà, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá ní ìdí sítọ́ọ̀dù níbi tí bírọ́ọ̀ṣì kì í dé. Bí ẹ bá gbé dísìkì tuntun lé èyí, kò ní jókòó déédéé. Díẹ̀ tó yẹ̀ láàárín á di púpọ̀ létí. Ní gbogbo ìgbà tí wíìlì bá yí, ibì kan lára dísìkì á máa fara kan páàdì, kódà tí ẹ ò tẹ bíréèkì. Díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ á jẹ ju ibòmíràn lọ, àbí kí páàdì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, sìtíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ti tẹ bíréèkì lórí eré, ẹ ó ní "dísìkì ti tẹ̀", ẹ ó bú ẹni tó tà á fún yín. Kò tẹ̀. Ìpata ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń gbọ̀n.

Wáyà bírọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà sáńdípépà, kí ẹ sì fi ṣóńṣó sikirudiráfà ha ìdí sítọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yípo. Ẹ fi ìka yín ra á, kó dán láìsí ohun tó gbún yín. Mo ń mú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi dijú kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, torí ojú máa ń gbà pé ó ti tán. Ẹ nu ún gbẹ. Dísìkì tuntun náà ní ọ́ìlì tí wọ́n fi pa á kó má dípata. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ tọ̀tún tòsì, ẹ gbẹ ẹ́. Pẹtiróòlù kọ́.

Bí dísìkì olóhun-ìlà yín bá ní ọfà tàbí lẹ́tà L àti R, ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ gbé e sí i, ẹ fi nọ́ọ̀tì wíìlì mẹ́ta dì í mú pẹ̀lú wọ́ṣà. Ẹni tó bá lè yá gééjì aláago lọ́wọ́ tọ́nà, kó gbé ẹnu rẹ̀ lé ojú dísìkì nítòsí etí, kó yí i. Bí abẹ́rẹ́ bá rìn ju 0.05 mm lọ, ẹ tú dísìkì, ẹ yí i sí ihò tó kàn, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ihò mẹ́fà ló wà, ọ̀kan nínú wọn á sàn ju àwọn tó kù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gba àkókò. Mi ò mọ ohun mìíràn tó ń dá owó dísìkì padà tó o.

Ìyókù yára. Kálípà padà, bóòtù méjèèjì le bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí pẹ̀lú tọ́ọ̀kì sípánà, èyí tó ń wọn bí ẹ ṣe mú un le tó. Ẹ fi gíríìsì bíréèkì ra ibi tí irin páàdì ti ń kan irin kálípà, fẹ́ẹ́rẹ́ ni o. Kò gbọdọ̀ kan ojú páàdì. Páàdì, síbíríńgì, píìnì, kílíìpù. Ẹ ṣe apá kejì náà ní ọjọ́ kan náà, a kì í pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ́ìlì ni ká wá pààrọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti wíìlì tó jìnnà jù sí agolo: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Bí fáàfù ẹ̀yìn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bá ní nípùlù tirẹ̀ (ẹnu kékeré tí ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ ń gbà jáde), ẹ má gbàgbé rẹ̀. Ẹnì kan nínú ọkọ̀, ẹnì kan nísàlẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tín-ín-rín tí orí kan rẹ̀ wọ nípùlù, tí orí kejì wà nínú ìgò. "Tẹ̀ ẹ́!" "Mo ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá." "Dì í mú o, má tú u sílẹ̀." Ẹ ṣí nípùlù, ọ́ìlì dúdú á jáde, ẹ dé e, ìgbà náà ni ẹni òkè á tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ máa ṣe é títí èyí tó mọ́ á fi jáde láìsí ìfófòó, kí ẹ sì máa kún agolo òkè, torí bó bá gbẹ, ẹ ti gba afẹ́fẹ́ tuntun sínú.

Ẹ dá wíìlì padà, ẹ mú nọ́ọ̀tì le ní ìkọjú síra, kì í ṣe yíyípo. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó sún ọkọ̀ rárá, ẹ tẹ pẹ́dà títí á fi le. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìsí bíréèkì lẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ògiri iwájú ló sì máa bá a dúró.

Páàdì tuntun gbọ́dọ̀ bá dísìkì tuntun mọra kó tó rí òkè. Ẹ wá ọ̀nà tó dá páro láàárọ̀ kùtù, ẹ gbé ọkọ̀ láìsí ẹrù dé 60 km/h, ẹ tẹ bíréèkì gírígírí títí á fi sọ̀ sí nǹkan bíi 10, ẹ má dúró pátápátá, ẹ tún gbéra. Bíi ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Òórùn díẹ̀ á jáde, kò burú. Ẹ wá máa rìn lọ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá láì tẹ̀ ẹ́ púpọ̀, kó tutù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dúró gan-an nígbà tó gbóná, páàdì á fi àpá rẹ̀ sílẹ̀ lójú dísìkì, gbígbọ̀n tí a sá fún á sì tún padà.

Lórí òkè fúnra rẹ̀, gíà tí ẹ máa fi gun un ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́. Ẹ tẹ bíréèkì gírígírí fún ìgbà díẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé e fẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ tún mú nọ́ọ̀tì wíìlì le, kí ẹ sì wo agolo ọ́ìlì. Bó bá ń lọ sílẹ̀ nígbà tí páàdì ṣì tuntun, ó ń jò níbì kan. Ẹ wá ibẹ̀ rí, ẹ má kàn máa bù ú kún un.